Gí Oníkùn Méjì

Ìka Ìyá Awókọ̀yà dúró lórí lẹ́tà kejì, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ti ka èyí tó ṣáájú, Ẹ ńlá tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ níwájú ìwé náà, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete. Èyí tó tẹ̀ lé e ló di ìyọnu. Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó fi etí ìborùn nù ún, bóyá eruku ló wà níbẹ̀. Nígbà tó sú u, ó gbé e kalẹ̀ lórí káńtà.

"Bàrákàt, kí ni wọ́n kọ síbí?"

Bàrákàt wà lódì kejì káńtà, ó ń fi rọ́bà di ìwé ètò yòókù ní ogúnogún. Ó kọ́kọ́ rò pé ìyá ń bá òun ṣeré ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà ni, mà. Orúkọ ẹgbẹ́ yín ni."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Òun gan-an ló fún ẹgbẹ́ náà lórúkọ, òun náà sì ni alága wọn. Ọdún mẹ́ta ló ti ń rí orúkọ yẹn lójú pátákó. Ó tún wo ìwé náà, ó wo Bàrákàt, ó sì fọwọ́ lẹ́rán.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé ni. Aago mọ́kànlá ni ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn máa bẹ̀rẹ̀, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìjàgbó, ìyá sì ti tètè gun ọ̀kadà wá sí ilé ìtẹ̀wé tó wà nítòsí stéṣọ̀n rélùwéè, pé kí òun gba ìwé kí oòrùn tó mú. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè ní kí ló le nínú pé arúgbó kan ò rí ìwé kà. Ó le o.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí kíláàsì náà kàwé ní gbangba, Ìyá Awókọ̀yà dìde, ó ka odindi ojú pátákó kan láìkọsẹ̀, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kan ni kò pàtẹ́wọ́: Ògúntóbi, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, àgbà ọdẹ tí gbogbo agboolé ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ògúntóbi ní ó há a sórí ni. Ó ní ayékòótọ́ náà ń sọ̀rọ̀, ṣé ẹnì kan ti rí i kó ka lẹ́tà? Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn nínú ilé, wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí ọdún fi yí po. Bẹ́ẹ̀ inú ilé yẹn kan náà ni wọ́n ti ń bá ìyá ka iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Èyí tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń kà fún un. Fóònù tirẹ̀, ọmọ tirẹ̀, ẹnu ẹlòmíì.

Ìdí nìyí tó fi dá a lábàá pé lọ́dún yìí, ìwé tí kálukú kò rí rí ni kó kà. Tíṣà Caroline, olùkọ́ wọn, á kọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn obìnrin méjèèjìlélógún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa mọ́ inú àpò-ìwé, ojú agbo ni wọ́n á ti ya á. Ẹni tó bá há ìyẹn sórí, kó wá sọ bó ṣe ṣe é. Tíṣà gbà. Orí wọ́ọ̀sáàpù ló fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Bàrákàt, ó ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Bàrákàt gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n, ó tẹ̀ wọ́n, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò wọn, ó sì kọ orúkọ sẹ́yìn wọn.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ gbà-jẹ́-n-sinmi ló ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wá irú lẹ́tà tó máa lò. Ẹni tó bá ń tẹ Yorùbá ló mọ ìyà tó wà níbẹ̀: lẹ́tà tó rẹwà jù lè gbé àmì ohùn lọ dé orí lẹ́tà aládùúgbò, ó sì lè já àmì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ sínú ìlà kejì. Èyí tí Bàrákàt rí nígbẹ̀yìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àmì ló jókòó sípò. Ẹsẹ̀ àwọn lẹ́tà rẹ̀ rí tín-ín-rín, wọ́n sì nà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà á tẹ orí ba bí ẹni tó ru igbá. Gí ní ikùn méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú etí kékeré kan tó yọ síta. Alhaji Lukman tó ni ilé ìtẹ̀wé wò ó, ó ní ó dà bí ìwé ìlú òyìnbó. Tíṣà Caroline náà wò ó, ó ní ó dáa. Bàrákàt alára máa ń ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe, kí inú rẹ̀ lè dùn.

"Ojú mi ló ti lọ, ọmọ mi," ìyá ní. "Àbí kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rí. Ó ṣeé ṣe kí Ògúntóbi má parọ́."

Ó ní òun á gba ọ̀dọ̀ Tíṣà lọ kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò, òun á ní ara òun ò yá. Kò pariwo. Ó ń to àwọn ìwé ètò sínú àpò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kó ẹrù ilé ẹlòmíì. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí ìyá yìí ń wò, Ògúntóbi ló dúró síbẹ̀.

Àánú ṣe Bàrákàt, ẹ̀rù sì bà á. Ló bá mú bíírò, ó fa ìwé àlòkù kan, ó kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, ó tì í síwájú ìyá. *Ọkọ̀ ojú irin ti dé sí Ọ̀fà láàárọ̀ yìí.*

Ìyá wò ó fìrí. "Irọ́ ni," ó ní. "Mi ò gbọ́ fèrè rẹ̀."

Ojú àwọn méjèèjì pàdé. Bàrákàt tún kọ òmíràn: *Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà.* Ìyá kà á tán kó tó gbé bíírò kúrò lórí ìwé. Bàrákàt wá gbé ìwé àfọwọ́kọ náà ti ìwé títẹ̀, ó fi ìka kan lé gí àfọwọ́kọ, ó fi ìkejì lé gí títẹ̀.

"Gí nìyí?" ìyá ní. "Kí ló wá ń ṣe é ní ikùn méjì?"

Bàrákàt bi í pé ìwé wo ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ìyá ní ìwé wo? Wọ́n ní ìwé ń bọ̀, wọ́n ní ìwé ń bọ̀, ìwé ò dé títí dòní. Pátákó ni, àti ṣọ́ọ̀kì, àti ọwọ́ Tíṣà. Gbogbo lẹ́tà tí àwọn obìnrin náà mọ̀ láyé, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ti wá. Lẹ́tà á ti Tíṣà jẹ́ òdo kan pẹ̀lú igi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gí rẹ̀ jẹ́ òdo pẹ̀lú ìrù tó ká sẹ́yìn. Bàrákàt, tó ti ń kàwé láti kékeré, kò rántí mọ́ pé lẹ́tà á méjì ló wà láyé, tàbí gí méjì. Ó pe Tíṣà lórí fóònù, ó ṣàlàyé. Tíṣà ní, "Ọwọ́ mi ni wọ́n mọ̀. Mi ò rò ó débẹ̀."

Bàrákàt ní òun á tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ kí aago mọ́kànlá tó lù. Ó rò pé inú ìyá á dùn. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ṣé gbogbo ayé ló máa wá fi ọwọ́ Tíṣà kọ̀wé nítorí òun? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe kọ ọ́ sára oògùn, àbí sára páálí? Ó ní bí Ògúntóbi bá gbọ́ pé wọ́n pààrọ̀ lẹ́tà, á ní wọ́n se é rọ̀ fún àwọn, ọ̀rọ̀ á sì tún padà sí ti ayékòótọ́.

"Ìyá, ta ni mo tẹ ìwé yìí fún?" Bàrákàt ní.

"Àwa ni."

"Ẹ̀yin ni. Tí ẹni tí mo tẹ̀wé fún ò bá rí i kà, iṣẹ́ mi ni kò dáa. Kì í ṣe ojú yín."

Ìyá fa àga sí iwájú káńtà, ó jókòó, ó ní kí Bàrákàt fi gí oníkùn méjì yẹn han òun dáadáa, kó fi á arùgbá náà hàn án, àti èyíkéyìí mìíràn tó bá yàtọ̀ sí ti Tíṣà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá fi ìka tọ ikùn òkè, ó tọ ikùn ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. Ó wá ka iwájú ìwé ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gba orí afárá onígi kọjá. Nígbà tó kà á tán, ó fún Bàrákàt ní ìdájọ́ rẹ̀.

"Fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn mọ́kànlélógún yòókù ò rí ẹni fi hàn wọ́n. Yí tiwọn."

Bàrákàt bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó, lójú agbo, pẹ̀lú ojú Ògúntóbi. Ìyá ní òun ti gbọ́. Ó mú ìwé ètò kan, ó gbé àga jáde sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun yọjú wo ohun tí wọ́n ń tẹ̀.

Nínú ilé, iṣẹ́ ò rọrùn. Irú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Bàrákàt rí tí lẹ́tà á rẹ̀ jẹ́ òdo àti igi, kò mọ àmì ìsàlẹ̀ rárá; àpótí kékeré òfìfo ló fi dípò gbogbo ṣ. Ìkejì gbé àmì ohùn fò kúrò lórí ọ̀ àti ẹ̀. Ìkẹta ni èyí tó kù. Bàrákàt gbójú sókè wo ògiri. Bébà kan wà tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ síbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tó ní A KÌ Í FI LẸ́TÀ YÌÍ TẸ̀WÉ NÍBÍ, àpẹẹrẹ lẹ́tà náà sì wà nísàlẹ̀: róbótó, ó rí wọ́gọwọ̀gọ, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìpè ọjọ́ ìbí ọmọdé. Nígbà tí Bàrákàt wà ní Poli, wọn kì í dárúkọ lẹ́tà yẹn láìrẹ́rìn-ín. Ta ló lẹ bébà náà mọ́ ògiri? Bàrákàt fúnra rẹ̀ ni.

Ó yàn án. Lẹ́tà á rẹ̀ jẹ́ òdo àti igi. Gí jẹ́ òdo pẹ̀lú ìrù. Gbogbo àmì sì jókòó jẹ́ẹ́ sípò wọn, bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Àsìkò yẹn gan-an ni Alhaji Lukman wọlé. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ògiri, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó bèèrè bóyá ara Bàrákàt yá. Bàrákàt ṣàlàyé, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Alhaji ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ńlá máa wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà wá, orúkọ ilé ìtẹ̀wé òun ò sì lè wà nísàlẹ̀ nǹkan tó dà bí ìwé ọmọ jẹ́léósinmi. Bàrákàt ní òun á yọ orúkọ náà. Ìyẹn náà ò tẹ́ Alhaji lọ́rùn. Ta ló ń ṣiṣẹ́ tí kì í fẹ́ kí wọ́n mọ òun? Ó bínú jáde lọ síta.

Àga ìyá ló sì wà ní iwájú rẹ̀. Ìyá ń ka ìwé ètò lọ, ìka rẹ̀ ń rìn nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn òun. Alhaji dúró títí. Nígbà tí ìyá wá rí i, wọ́n kí ara wọn, Alhaji sì bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bóyá lẹ́tà róbótó ò ní rẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ìyá ní, "Alhaji, bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó." Ó tún padà sídìí ìwé rẹ̀. Alhaji wọlé, ó ní kí Bàrákàt fi orúkọ ilé ìtẹ̀wé síbẹ̀, òun náà sì jókòó, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò-ìwé.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù nígbà tí iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ìwé mọ́kànlélógún jáde, àpò mọ́kànlélógún sì gba èyí tó yẹ wọ́n. Àpò kejìlélógún, tó ní orúkọ Ìyá Awókọ̀yà lẹ́yìn, Bàrákàt ò fọwọ́ kàn án.

Ilé-ìwé náà ti kún nígbà tí wọ́n débẹ̀. Àwọn obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ńṣì ọmọdé, orúnkún wọn ga sókè. Àwọn ọmọ wọn, ọmọ-ọmọ wọn, àwọn ará ilé wọn, kún ojú fèrèsé. Ògúntóbi wà níwájú, ó wọ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ tó mọ́ jù. Bàrákàt dúró sẹ́yìn, ó fara ti ògiri.

Ìyá Awókọ̀yà ni wọ́n kọ́kọ́ pè, nítorí òun ni alága. Ògúntóbi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun wo àpò yẹn. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi èékánná tọ ibi tí gọ́ọ̀mù wà, ó dá a padà. Ìyá ya á. Ó na ìwé náà tọ́, ó gbé ìka lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Awókọ̀yà. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ẹ jókòó sí."

Ó kọjá lẹ́tà á kan. Ó kọjá òmíràn. Ó dé orí gí, ó fà díẹ̀, ó kọjá.

"Bàtà yín wà lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ sá lọ sílé. Mo dìde, mo rọra ti ilẹ̀kùn."

Ìka náà dúró.

Ìka ìyá wà lójú kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí káńtà láàárọ̀. Ògúntóbi gbé orí sókè. Bàrákàt na ọrùn wo ìwé náà. Lẹ́tà wo ni? Ṣé lẹ́tà á ni, àbí gí, àbí òmíràn wà tí òun gbàgbé láti fi hàn án? Ó gbìyànjú láti rántí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, kó lè mọ ohun tó dá ìyá dúró. Kò rántí. Ó rántí àyè tó fi sílẹ̀ létí ìwé náà. Ó rántí pé ìlà méje ni, pé ìlà ìkẹyìn kúrú ju ìyókù lọ, pé òun fà á sókè díẹ̀ kó lè dáa lójú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kò rántí.

Ìyá gbójú kúrò lórí ìwé, ó wo Tíṣà Caroline.

"Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ tì í?"

"Èmi ni, mà," Tíṣà ní.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá atẹ́gùn bínú."

Ẹ̀rín bú sáyé. Àwọn ọmọdé tó wà lójú fèrèsé tí ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa rẹ́rìn-ín nítorí pé àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín. Omi wà lójú Tíṣà, omi wà lójú ìyá náà, kò sì mọ èyí tí ì bá ṣe nínú ẹkún àti ẹ̀rín. Ògúntóbi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ńṣì rẹ̀, ó ń wo bébà kékeré náà bí ẹni tó rí ipa ẹsẹ̀ ẹran tí kò mọ̀ rí.

"Ìyàwó wa," ó ní jẹ́jẹ́, "kí ló kù níbẹ̀?"

"Ẹ ní sùúrù," ìyá ní. "Mò ń kà á bọ̀."

Ó dá ìka rẹ̀ padà sí ìlà, ó sì kà á. Tíṣà ti ilẹ̀kùn, ó ṣe bí ẹni pé atẹ́gùn ni. Tíṣà ní kó má bínú. Tíṣà ní bó bá jẹ́ pé ó sá lọ lọ́jọ́ yẹn, àwọn mọ́kànlélógún yòókù ì bá sá tẹ̀ lé e. Ìyá ka ìlà ìkẹyìn tó kúrú náà tán, ó ká ìwé rẹ̀, ó fi sáyà, ó sì jókòó.

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàrákàt náà ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lórí àwọn àpò-ìwé tó kù lórí tábìlì. Ọwọ́ òun ni gbogbo wọn gbà kọjá, lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, òun ló tò wọ́n, òun ló tún wọn tò. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń tẹ̀wé fún ará Ọ̀fà, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tó dúró wo ẹni tó ń ka ohun tó tẹ̀.

Obìnrin kejì ti dìde, Alhaja Asiata, ó ń fi eyín ya etí àpò tirẹ̀. Bàrákàt kúrò lára ògiri, ó wá àyè jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn èèyàn, ó sì tẹ́tí sílẹ̀. Òun náà ò mọ ohun tó wà níbẹ̀.